Ìdẹ Rọ́bà Létí Òkun Galveston: Ibi Tó Yẹ Kí Owó Yín Lọ

Bí ooru bá ti dé báyìí, ọ̀pọ̀ ẹbí láti Houston máa ń kó ọmọ lọ sí Galveston láti lọ fi ìwọ̀ pẹja. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, nítorí náà ẹ má bínú bí mo bá fi ojú owó wo eré ìdárayá. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ìpẹja yóò rí ògiri kan tó kún fún ìdẹ rọ́bà: pupa, funfun, aláwọ̀ ewé, èyí tó ń dán yanran. Ibẹ̀ ni owó ti ń jò. Àwọ̀ ló kéré jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí òjé ṣe wúwo tó àti bí ẹ ṣe fi ìwọ̀ gún rọ́bà ló ń mú ẹja wálé.

Rọ́bà rírọ̀ tí wọ́n ṣe bí edé tàbí ẹja kékeré ni ìdẹ yìí. Edé ààyè dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń kú, ẹ ó sì tún rà á nígbà mìíràn tí ẹ bá ń lọ. Rọ́bà máa ń dúró deni. Ẹja tí a ń wá nínú Galveston Bay ni redfish, speckled trout àti flounder. Ìbátan croaker tí a ń jẹ nílé ni méjì àkọ́kọ́, ata sì bá wọn mu gan-an.

Oríṣi méjì tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ni onírù pẹlẹbẹ, tó gùn tó ínṣì 3 sí 4. Irù rẹ̀ ń jì fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ti ń fà á, ọmọdé pàápàá lè lò ó. Èkejì ni èyí tó dà bí edé, tí a ń so sábẹ́ ohun tó ń léfòó. Bí omi bá mọ́, ẹ mú àwọ̀ tó ṣá; bí ó bá dọ̀tí, ẹ mú èyí tó dúdú. Ó tán.

Ìwọ̀ olórí òjé wá ńkọ́? Níbi tí omi kò ti ju ìbàdí lọ, òjé áúnsì 1/8 ti tó. Bí omi bá jìn tàbí tó ń ṣàn kíkankíkan, ẹ lo 1/4. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n lára pé ìdẹ kan ilẹ̀ rárá, ó fúyẹ́ jù. Bí ó bá ń há sínú koríko ní gbogbo ìgbà, ó wúwo jù. Ẹ ra méjèèjì.

Nísinsìnyí, ọ̀nà tí a fi ń gún un. Ẹ kọ́kọ́ gbé ìwọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà, kí òjé wà ní ọ̀gangan imú rẹ̀, kí ẹ fi èékánná sàmì síbi tí ìwọ̀ ti tẹ̀. Ẹ ki ẹnu ìwọ̀ bọ àárín imú gan-an, ẹ tì í lọ tààrà, kí ó yọ lẹ́yìn níbi àmì yẹn, kí ẹ wá fa rọ́bà títí yóò fi kan òjé. Ẹ gbé e sókè wò ó. Bí ó bá wọ́, yóò máa yí bìrí nínú omi, yóò lọ́ okùn yín pọ̀, ẹja kò sì ní í sún mọ́ ọn. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ̀kán superglue kan níbi tí rọ́bà ti pàdé òjé kì í jẹ́ kó yọ̀ sílẹ̀. Nínú gbogbo ìnáwó ìpẹja, èyí ni mo rò pé ó lérè jù.

Níbi tí koríko bá pọ̀, ẹ lo ìwọ̀ onífẹ̀ẹ́ tí kò ní òjé. Ẹ ki í bọ imú díẹ̀, ẹ yọ ọ́ nísàlẹ̀, ẹ yí i padà, kí ẹ wá fi ẹnu rẹ̀ pamọ́ sínú ara rọ́bà.

Ìkarahun oyster mú bí abẹ, nítorí náà ẹ so okùn fluorocarbon pọ́n-ùn 20, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, síwájú ìwọ̀. Ẹ má fi rọ́bà sílẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀ nígbà ooru, irù rẹ̀ yóò wọ́. Inú àpò tí ẹ rà á ni kó máa wà, torí oríṣi kan lè yọ́ òmíràn.

Ibi tí owó ńlá ti lè lọ ni òfin. Ẹni tó bá ti pé ọdún 17 gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ńsì omi iyọ̀. Redfish tí ẹ lè mú lọ sílé wà láàárín ínṣì 20 sí 28, mẹ́ta lóòjọ́. Òtútù oṣù kejì ọdún 2021 pa ẹja tí ìjọba Texas ṣírò sí mílíọ̀nù 3.8, ó kéré tán, trout sì wà nínú àwọn tó kú. Láti ọdún 2024, trout mẹ́ta lóòjọ́ ni, ínṣì 15 sí 20. A kì í mú flounder rárá láti November 1 sí December 14. Owó ìtanràn lè tó dọ́là 500, nítorí náà ẹ fi tépù ìwọnǹkan sínú àpò, kí ẹ sì wo òfin ọdún náà kí ẹ tó kúrò nílé.

Bí ẹ bá wọ inú omi, ẹ máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ẹ má gbé e, kí stingray lè gbọ́ yín kó sá. Kòkòrò Vibrio tó wà nínú omi iyọ̀ gbígbóná lè gba ojú egbò wọ ara, ó sì lè pa ènìyàn. Ẹni tó bá ní egbò, kó dúró lórí afárá ìpẹja.