Ẹni tí Ẹ̀rọ Ṣe Léṣe Kò Gbọdọ̀ Dákẹ́

Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́: bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ bá gé ọwọ́ tí ń ṣe é, kí ni oògùn tirẹ̀? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lójú ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ọba Akran kọjá ní Ìkẹjà ní kùtùkùtù òwúrọ̀, tí ó sì rí ogunlọ́gọ̀ ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n ń ti Agége àti Ògbà rọ́ wọ ẹnu ọ̀nà àwọn ilé-iṣẹ́. Gbogbo wọn ni wọ́n fi ìka mẹ́wàá jáde nílé. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni gbogbo wọn ń fi ìka mẹ́wàá padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó dá ọgbà ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà sílẹ̀, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Òfin tí ó ní kí a san owó gbà-má-bìínú fún òṣìṣẹ́ tí ó fara pa tilẹ̀ ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ti Jámánì jáde ní 1884, ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1897, tiwa ní Nàìjíríà sì jáde ní 1941, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso wa. Èyí tí a ń lò nísinsìnyí ni òfin ti 2010. Òfin náà pàṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ máa dá náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù tí ó ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan tí àjọ NSITF ń ṣàkóso. Kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ kan nínú owó òṣìṣẹ́ fún un. Nítorí náà, ẹni tí ó bá béèrè owó yìí kò tọrọ báárà. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ó béèrè.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Alágbàṣe ni ní ilé-iṣẹ́ tí a ti ń tẹ páànù. Kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́. Ẹnu lásán ni wọ́n fi gbà á. Ní ọjọ́ kan, ẹ̀rọ gé ìka rẹ̀ méjì. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n di ojú ọgbẹ́ náà. Ní ọjọ́ kẹta, fóòmàn wá kí i pẹ̀lú owó díẹ̀ nínú àpòòwé àti ìwé kan lọ́wọ́. “Fọwọ́ sí i níbí, ọmọ mi, kí a parí ọ̀rọ̀ náà ní ìtùnbí ìnùbí.” Owó ilé ti tó san, ìyàwó ń wo ojú ọkọ, ọmọ ń sunkún. Kí ni kí ó ṣe?

Èkíní, kí ó má fọwọ́ sí i. Òfin kò fàyè gba àdéhùn tí òṣìṣẹ́ yóò fi yááfì ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí owó yìí. Èkejì, kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn án pé alágbàṣe kò ní ẹ̀tọ́. Òfin ka alágbàṣe, òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀, ọmọ iṣẹ́ àti ẹni tí a fi ẹnu gbà síṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti ka ẹni tí ó ní ìwé lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta, láàárín ọjọ́ 14, kí ó fi tó máníjà, alábòójútó tàbí olùtọ́jú aláìsàn ilé-iṣẹ́ létí: orúkọ rẹ̀, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, àkókò tí ó ṣẹlẹ̀, àti bí ó ti ṣẹlẹ̀. Bí ó bá ṣe é ṣe, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó sì fi ẹ̀dà kan pamọ́. Láti ọjọ́ tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí. Ẹ̀kẹrin, kí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ gba fọ́ọ̀mù àjọ náà, kí ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú rẹ̀, kí ó sì fi ránṣẹ́ kí ọdún kan tó pé. Kí ó tọ́jú ìwé ilé ìwòsàn, káàdì iṣẹ́, àti orúkọ àwọn tí ọ̀ràn náà ṣojú wọn. Bí ìdájọ́ àjọ náà kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, títí dé Ilé-Ẹjọ́ Ilé-Iṣẹ́ ti Orílẹ̀-Èdè.

Òfin náà kò mọ ní inú ọgbà ilé-iṣẹ́ nìkan. Ẹni tí ó fara pa lójú ọ̀nà láti ilé sí ibi iṣẹ́, tàbí láti ibi iṣẹ́ sí ilé, ní ẹ̀tọ́ pẹ̀lú. Bí òṣìṣẹ́ bá kú, tí ó fi opó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni a óò máa san fún wọn lóṣooṣù. Ti àwọn ọmọ yóò sì máa bá a lọ títí wọn yóò fi pé ọmọ ọdún 21 tàbí títí wọn yóò fi jáde ní yunifásítì, èyíkéyìí tí ó bá kọ́kọ́ dé.

Bí òfin ti dára tó yìí, kí ló dé tí ọ̀pọ̀ fi ń dákẹ́? Àwọn kan kò mọ̀. Àwọn mìíràn mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wọ́n pé a óò lé wọn. A kò dá wọn lẹ́bi, nítorí ẹni tí ebi ń lépa kì í fẹ́ bá ọ̀gá jà. Nítorí náà ni a ṣe ń ké sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n máa gbé ọ̀rọ̀ alágbàṣe gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń gbé ti ọmọ ẹgbẹ́ wọn. A ń ké sí àjọ NSITF pé kí ó máa fi èdè Yorùbá ṣàlàyé ẹ̀tọ́ yìí fún àwọn ènìyàn ní ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́.

Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́, a kò gbàgbé pé ẹ̀yin ni ẹ ń pèsè iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí owó tí ó lè dá ìka padà. Ní oṣù September 2002, iná jó ilé-iṣẹ́ rọ́bà kan ní Odogunyan, ní Ìkòròdú, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì kú lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí a tì pa. Ẹ fi ìbòrí sí ẹ̀rọ, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, kí ẹ sì san ohun tí òfin ní kí ẹ san.

Ní tiyín, ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ rántí pé ọmọ tí ó bá ṣípá ni ìyá ń gbé. Ẹni tí ó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.