Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Kí ni iṣẹ́ insert lórí míkísà dígítà?

Kí ló dé tí ohùn akọrin kì í fi í yí padà lórí míkísà Behringer X32, bí wọ́n tilẹ̀ ti tan insert rẹ̀?

1. Insert ni ọ̀nà tí odindi ohùn ń gbà yà kúrò nínú chánẹ́ẹ̀lì, tí yóò gba inú ẹ̀rọ tó ń tún un ṣe kọjá, kí ó tó padà síbi tó ti yà; send, ní tirẹ̀, ẹ̀dà ohùn nìkan ló ń gbé lọ.

2. Àyè FX (ẹ̀rọ inú míkísà tó ń tún ohùn ṣe) 8 ló wà nínú X32. FX 5 sí 8 wà fún insert nìkan, ṣùgbọ́n FX 1 sí 4 lè ṣe insert àti send, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n ṣe insert gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan INS gẹ́gẹ́ bí orísun wọn lójú ewé FX. Ibí yìí ni àwọn kan ti máa ń ṣàṣìṣe, tí ohùn kì í fi í yí padà.

3. Lẹ́yìn èyí, kí ó tẹ SELECT chánẹ́ẹ̀lì náà, kí ó yan FX tó fẹ́ lójú ewé config, kí ó sì tan insert.

4. Bí ó bá yan Aux (ojú ihò tí a fi ń so ẹ̀rọ ìta mọ́ míkísà) dípò FX, láìsí ẹ̀rọ kankan tí wáyà so mọ́ ọn, ohùn yóò pa lọ́lọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ń jókòó nídìí míkísà ní ṣọ́ọ̀ṣì àti gbọ̀ngàn àríyá.