Ta Ni Yóò Kọ́ Kọ̀ǹpútà Lórúkọ Ewé?

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH tó ń gbé àdúgbò Under G, l'Ógbómọ̀ṣọ́, tó fẹ́ ṣèwádìí lórí egbòogi, kò lè kàn ra èèpo igi lọ́jà kó gbé e wọ yàrá ìwádìí. Ó ní láti kọ́kọ́ mú ẹ̀ka igi náà, tewé-tòdòdó, lọ sí hẹbéríọ̀mù kí onímọ̀ ewé wò ó.

Ilé ìtọ́jú ewé gbígbẹ ni hẹbéríọ̀mù. Wọ́n á tẹ ewé sáàárín ìwé ìròyìn títí yóò fi gbẹ, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀, ibi tí wọ́n ti já a, ọjọ́ àti ẹni tó já a síbẹ̀. Èyí tó tóbi jù ní Nàìjíríà wà ní FRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ilẹ̀ Nàìjíríà, ní Jericho, n'Íbàdàn. Ewé ibẹ̀ lé ní 100,000.

Àṣìmú ewé kì í ṣe ohun kékeré. Láàárín 1990 sí 1992, ní Brussels, wọ́n fi ewéko ilẹ̀ Ṣáínà sínú oògùn tó ń mú ni fọn. Stephania ni wọ́n rò pé àwọn ń lò, Aristolochia ló wà níbẹ̀, torí orúkọ àwọn méjèèjì jọra lẹ́nu àwọn Ṣáínà. Kíndìnrín àwọn obìnrin bí ọgọ́rùn-ún bàjẹ́. Jẹjẹrẹ tún mú àwọn kan nínú wọn lẹ́yìn náà.

Nílẹ̀ wa, ẹ wo igi asofẹ́yẹjẹ, tí a ń lò fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Èròjà reserpine inú rẹ̀ ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ là ń rà, ó ti gbẹ, wọ́n ti gé e wẹ́wẹ́: ewé wo la ó fi dá a mọ̀?

Kọ̀ǹpútà lè ràn wá lọ́wọ́. Bí wọ́n bá fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán ewé tó lórúkọ hàn án, yóò dá irú ewé kan náà mọ̀ nínú àwòrán tí kò rí rí. Iṣẹ́ tí Pl@ntNet ti àwọn ará Faransé ń ṣe lórí fóònù nìyẹn. Bó bá jẹ́ egbòogi lílọ̀, wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí sí i, kọ̀ǹpútà á sì ka bó ṣe tàn padà. Ilẹ̀ àti òjò ibi tí igi ti hù máa ń hàn nínú èròjà rẹ̀, wọ́n sì lè tibẹ̀ mọ ibi tó ti wá.

Àmọ́ ohun tí a bá kọ́ ọ nìkan ló mọ̀. Gbòǹgbò tí a kò fi hàn án rí, orúkọ èyí tó jọ ọ́ ni yóò pè é. Ewé àti òdòdó ló sì pọ̀ jù ní hẹbéríọ̀mù, nígbà tó jẹ́ pé gbòǹgbò àti èèpo ni ọjà ń tà.

Ẹ̀yin onímọ̀ LAUTECH àti FRIN, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ti ń já ewé, ẹ máa mú gbòǹgbò àti èèpo igi kan náà mọ́ ọn. Ẹ pe àwọn ìyá ẹlẹ́wé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti ti ọjà Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́ sídìí iṣẹ́ náà, kí ẹ sì sanwó ìmọ̀ wọn fún wọn.