Ọ̀sẹ̀ Kan ní Barcelona: Ẹ Ṣírò Ọjọ́ Yín Dáadáa

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ ń dá owó jọ láti lọ wo Barcelona, ní ilẹ̀ Sípéènì, ẹ kú ìmúra. Ẹ tètè kọ̀wé gba físà. Òfin ní kó má dín ní ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìn àjò. Lójú tiwa, oṣù 3 ló yẹ.

Ọjọ́ Àìkú ló máa ń já oníṣòwò kulẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á ná ọjà Boqueria lọ́jọ́ náà, ilẹ̀kùn títì ni yóò bá. Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, Ẹtì àti Àbámẹ́ta ni wọ́n ń ná ọjà àlòkù Encants. Nítorí náà, ẹ fi Ọjọ́ Àìkú wo ṣọ́ọ̀ṣì Sagrada Família, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní 1882. Ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé o. Wọn kì í tà á lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ yà ní pápá Barça náà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ni kílọ́ọ̀bù yẹn, bí àwa náà ṣe ni tiwa!

Ní òpópónà La Rambla, gbéwiri pọ̀. Ẹ so owó mọ́ ìdí, bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe lọ́jà.