Eré Kan, Ẹrù Kan: Bí Wọ́n Ṣe Ń Túùnù Ẹ́ńjìnnì

Bí mẹkáníìkì bá ń tẹ iná, tó tún ń yí sikúrù kábúrétọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn ẹ́ńjìnnì á yí padà lóòótọ́, àmọ́ kò sí bó ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá iná tó tẹ̀ ló fà á àbí sikúrù tó yí. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú fi máa ń fi ẹ́ńjìnnì sójú eré kan, pẹ̀lú ẹrù kan, ìyẹn bí iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe ṣe wúwo tó, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Dáínò ni wọ́n fi ń ṣe é. Táyà tó ń wa ọkọ̀ á gun orí rólà, rólà náà sì ní bíréèkì tirẹ̀. Tí wọ́n bá ti sẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pé kí ẹ́ńjìnnì máa yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, bó ti wù kéèyàn tẹ iná tó, bíréèkì yẹn ò ní jẹ́ kó kọjá ibẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ta ko bíréèkì ọ̀hún tó ni kọ̀ǹpútà dáínò ń kà.

Kò yẹ ká kánjú kà á o. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti gbóná dáadáa, torí bó bá tutù, brainbox, ìyẹn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ tó ń darí ẹ́ńjìnnì, fúnra rẹ̀ máa ń bu epo kún un. Lẹ́yìn àyípadà kọ̀ọ̀kan, a tún ní láti dúró díẹ̀. Lára epo tí nọ́sù ń tu máa ń lẹ̀ mọ́ ara ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ìgbà tí eré àti ẹrù bá dúró sójú kan ni èyí tó ń lẹ̀ àti èyí tó ń gbẹ kúrò máa ń dọ́gba.

Epo ni wọ́n kọ́kọ́ ń tò. Séńsọ̀ inú páìpù sàléńsà ló ń sọ bó ṣe rí. Kìlógíráàmù 14.7 afẹ́fẹ́ ló ń jó kìlógíráàmù kan pẹtiróòlù tán pátápátá; bí ẹrù bá pọ̀ tán, a máa ń mú un wá sí nǹkan bíi 12.5 sí 13 kí agbára lè jáde.

Taàmínì ló gba sùúrù jù, òun náà ni mo sì fẹ́ràn jù. Pọ́lọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ ṣáná kí písítìnì tó dé òkè, torí epo kì í jó tán lójú ẹsẹ̀. Ká ní a bẹ̀rẹ̀ láti dígíríì 20 ṣáájú òkè. A sún un sí 22, agbára lé. A sún un sí 24, ó lé díẹ̀. A dé 26, kò sí ìyàtọ̀. Ẹ dá a padà sí 24! Dígíríì tí kò mú agbára wá, ooru àti ìnira ló ń kó bá písítìnì. Bí ẹ bá sì gbọ́ kọ́ọ́-kọ́ọ́ bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo kí agbára tó dẹ́kun àtilé, ẹ má dúró wo agbára mọ́, ẹ fà á sẹ́yìn kíákíá. Kọ́ọ́-kọ́ọ́ yẹn lè fọ́ písítìnì.

Lẹ́yìn 3,000, ó kan 3,500, lẹ́yìn náà ẹrù mìíràn, títí tábìlì inú brainbox, níbi tí iye epo àti taàmínì fún eré àti ẹrù kọ̀ọ̀kan wà, á fi kún. Níbi tí ẹrù bá ti pọ̀ gan-an, ẹ má pẹ́ níbẹ̀, kí ooru má baà ba nǹkan jẹ́.

Epo àfikún fún ìgbà tí a bá tẹ iná lójijì ló gbẹ̀yìn. Tí ọkọ̀ bá wá ń fà sẹ́yìn nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ lójijì, a ti mọ̀ pé àfikún yẹn ni ká wò, a ò ní padà lọ tú tábìlì tó ti dára ká.