Kí ló dé tí ìlà ATM kì í tètè tán?

Ẹ rántí oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí náírà tuntun wọ́n bí imí eégún? Láti Bódìjà dé Dùgbẹ̀ dé Challenge, àwọn kan ti ń tò síwájú ATM kí ilẹ̀ tó mọ́. Owó ni kò sí nígbà yẹn, kò sí ìṣirò tó lè yanjú ìyẹn. Àmọ́ bí owó tilẹ̀ kún inú ẹ̀rọ, ìlà ṣì máa ń gùn lópin oṣù.

Ká ní ẹ̀rọ 4 wà níwájú báǹkì kan l'Ágbowó, ìlà kan ṣoṣo ni gbogbo èèyàn tò sí, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń lo ìṣẹ́jú 2. Ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á dá èèyàn 120 lóhùn ní wákàtí kan. Aago 6 sí 7, èèyàn 60 dé. Kò sí wàhálà. 7 sí 8, 180 dé. 8 sí 9, 180 mìíràn. 9 sí 10, 100. Lẹ́yìn náà, 60 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan títí di aago 12.

Máníjà á kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, á pín in: èèyàn 640 láàárín wákàtí 6, kò tiẹ̀ pé 107 ní wákàtí kan. "Ẹ̀rọ wa ń gba 120, kí lẹ tún ń fẹ́?" Ibẹ̀ gan-an ló ti ṣìnà. Ní aago 8, èèyàn 60 ti wà lórí ìlà. Ní aago 9, wọ́n ti di 120. Ẹni tó bá dé lásìkò yẹn á dúró fún wákàtí kan gbáko! Lẹ́yìn aago 9, èrò tó ń dé ti dínkù, síbẹ̀ èèyàn 20 péré ló dín lórí ìlà kí aago 10 tó lù. Aago 11 kọjá ogójì ìṣẹ́jú kó tó tán pátápátá.

Mo tiẹ̀ ṣe é bíi pé èèyàn ń dé ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Irọ́ ni, wọ́n máa ń ya dé ni. Agner Krarup Erlang, ọmọ Denmark tó ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tẹlifóònù ní Copenhagen, ló kọ́kọ́ fi ìṣirò mú irú ìyàdé yìí, nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1909 lórí ìpè tẹlifóònù. Lára ohun tó ti inú iṣẹ́ ẹ̀ jáde ni òfin kékeré kan: ẹ wo iye ẹ̀rọ tí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ máa gbà, kí ẹ wá fi bíi square root rẹ̀ kún un. Ní aago 7 sí 9, iṣẹ́ tó ń wọlé tó ti ẹ̀rọ 6. Square root 6 lé díẹ̀ ní 2, nítorí náà 8 tàbí 9 la nílò. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ 100 ni, 110 ti tó.

Ṣùgbọ́n ta ló máa ra ẹ̀rọ 9 nítorí wákàtí 2? Àwọn oní-POS ló mọ̀ ọ́n ṣe jù, lójú tèmi. Tí owó oṣù bá ti wọlé, agboòrùn wọn á pọ̀ sí i lẹ́bàá títì láàárọ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sán, àwọn kan ti ká tiwọn, wọ́n ti bá iṣẹ́ mìíràn lọ.