Bàbá àti Ìyá Tí Kò Gbé Pọ̀ Mọ́: Báwo Ni Ẹ Ṣe Ń Pín Ọlidé Àwọn Ọmọ?

Bí ilé ìwé bá fẹ́ parí lópin oṣù Keje, inú àwọn ọmọ a máa dùn. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì mi ní Ìlọràá, n kì í ṣàìrí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta tó fajúro. Àwọn ni ọmọ tí bàbá wọn wà níhìn-ín, tí ìyá wọn wà lọ́hùn-ún, tí wọn kò mọ ilé tí wọn yóò ti lo ọlidé. Mo mọ ojú yẹn, nítorí mo ti rí i lójú ọmọ tèmi.

Èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi ti kọ ara wa sílẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀. Ohun tó fà á kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn. Ọmọ méjì ló wà láàárín wa. Ọ̀dọ̀ ìyá wọn ní Fìdítì ni wọ́n ń gbé, níbi tó ti ń ta ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó lẹ́bàá títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Àwọn àgbà ilé méjèèjì pè wá jókòó, wọ́n ní ọlidé tó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí àwọn ọmọ lo mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ mi, kí wọ́n lo mẹ́ta tó kù lọ́dọ̀ ìyá wọn. A jọ gbà.

Ní ọdún 2022, èmi ni mo yẹ àdéhùn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, mo ní ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́ wọn kò tíì parí. Ohun tó wà nínú mi ni pé bí wọ́n bá dé Fìdítì, ọsàn ni ìyá wọn yóò gbé rù wọ́n. Ó pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, n kò gbé e. Ọ̀sẹ̀ kan di méjì. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó se iṣu tuntun dè wọ́n, ó sì jókòó sídìí títì títí ilẹ̀ fi ṣú. Èyí tí mo fojú ara mi rí ni ti ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá: báàgì rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà, àràárọ̀ ni yóò tún aṣọ inú rẹ̀ ká.

Ní ọdún kejì, bó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Bàbá mi, ṣé ẹ ó dá wa padà lọ́jọ́ tí ẹ dá?" Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní òtítọ́! N kò rí ohun sọ.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Tíṣà, ṣebí bàbá ló ni ọmọ?" Bẹ́ẹ̀ ni àṣà wí. Ṣùgbọ́n Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003 sọ pé nínú ohun gbogbo tó bá kan ọmọ, ire ọmọ ni kí á kọ́kọ́ wò. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ṣe tirẹ̀ ní 2006. Òfin 2003 yìí kan náà kọ̀ kí á máa fi ọmọ kiri ọjà lójú títì márosẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀rù mi kò ṣàìnídìí, ṣùgbọ́n ẹnu ni ǹ bá fi sọ ọ́, kì í ṣe kí n sé ọmọ mọ́lé. Nígbà tí mo wá sọ ọ́ níwájú àwọn àgbà, ìyá wọn ní ìdí àtẹ ni wọ́n ti ń ran òun lọ́wọ́, òun kò rán wọn kiri rí. Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin mi ti kọ́ bí a ti ń ka ṣéńjì, ju bí mo ti lè kọ́ ọ lọ.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ gba ìmọ̀ràn mi. Èkíní, kí ilé ìwé tó parí ni kí ẹ ti dá ọjọ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì kà á sétí àwọn ọmọ. Èkejì, bí ìdíwọ́ bá dé, ẹ tètè sọ, kí ẹ sì san ọjọ́ tí ẹ jẹ padà. Ẹ̀kẹta, ẹ má fi ọmọ ṣe amí. "Ta ló ń wá sílé ìyá rẹ?" kì í ṣe ìbéèrè tí à ń bi ọmọdé. Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kó máa bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Ní ọlidé ọdún 2024, ọjọ́ tí a dá gan-an ni mo mú wọn dé Fìdítì. Ìyá wọn kò sọ ju "Ẹ kú iṣẹ́" lọ, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀pẹ òyìnbó méjì sínú ọkọ̀ fún mi. Ọmọbìnrin mi ti sáré wọlé, ó gbàgbé báàgì rẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Ká jà kì í ṣe ká kú. Ìgbéyàwó lè tú ká, ọmọ kò ṣeé tú ká.